Lámpù Tí Mo Pa Nínú Kùrukùru Vridi

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú àárọ̀ o. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ inú ilé yìí lónìí, tí kò jẹ́ pé ẹlòmíràn ló wá dúró síbí láti kéde orúkọ mi fún yín. Ẹ bá mi gbé E ga! Halelúyà! Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, n kò ní pẹ́ jù.

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí, Rébékà ni orúkọ mi. Biétry ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ìlú Abidjan níbí ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ìgbòho ni bàbá àti ìyá mi ti wá. Bí Faransé bá já bọ́ sínú Yorùbá mi, ẹ fara dà á, bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé nìyẹn. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn ọkọ̀ òkun tó dúró síta, tí wọn kò tíì ráyè wọ Port, ìyẹn èbúté. Àlùbọ́sà, tòmátì, ẹyin, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ohunkóhun tí kúùkù wọn bá ní kí n gbé wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀dá Bùráímọ̀, ló ni ọkọ̀ tí a fi ń lọ, àwọn náà ló sì ń wà á. Mùsùlùmí ni wọ́n. Èmi nìkan ni mo di Kristẹni nínú ilé wa, nígbà tí mo lọ sílé ọkọ. Wọn ò bá mi jà sí i, ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, Rábí ni wọ́n ń pè mí, nítorí Rábíátù ni bàbá wa sọ mí. Ọkọ̀ onípákó ni ọkọ̀ wọn, ó gùn dáadáa, ẹ́ńjìnnì kan wà nídìí rẹ̀. Wọ́n kọ Àlùbáríkà sí i lára.

Ní àsìkò ọyẹ́ tó kọjá yìí, a kó ẹrù láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ń lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ọyẹ́ ọdún yìí ṣe rí. Kùrukùru wà lójú omi, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa kúrò létí omi, ó ṣì ṣeé rí iwájú. Kí ọkọ̀ kékeré tó wọ kànáàlì Vridi, tó jẹ́ ibi tí ọ̀sà gbà ń jáde sókun, a máa ń fi rédíò ọwọ́ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ Port tó ń darí ọkọ̀ pé àwa rèé, a fẹ́ kọjá. Mo pè wọ́n. Ọkùnrin kan dá mi lóhùn lédè Faransé pé òun ti gbọ́, pé kí Àlùbáríkà máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kí a má sì fi falẹ̀, torí ọkọ̀ ńlá kan ń múra láti wọlé láti òkun. Ohùn rẹ̀ já gaara. Mo ní d'accord, ó dáa. A wọlé.

A kò tíì dé ẹnu òkun tí kùrukùru náà fi wálẹ̀ bí ẹni da aṣọ bo ojú. Mi ò rí iwájú ọkọ̀ mọ́. Bọ̀dá ní kí n tan iná kí ẹlòmíràn má baà wá kọlù wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lámpù kan lọ́jà ni, lámpù tí a ń ṣáàjì, tí iná rẹ̀ funfun báláú. Mo tàn án, mo so ó mọ́ òpó kékeré tó wà láàárín ọkọ̀. Ara òpó yẹn náà ni rédíò wà. Inú mi dùn sí lámpù náà. Mo ní, ẹ wò ó, Bọ̀dá, ó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Wọ́n ní ó dára.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ́ńjìnnì kú.

Àwọ̀n àwọn apẹja ni, èyí tó ti gbó tí wọ́n jù sómi. Ó wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bọ̀dá gbé ẹ́ńjìnnì sókè, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ṣùgbọ́n omi ń jáde sókun lákòókò yẹn, ó sì lágbára. Ẹni tó bá mọ kànáàlì yẹn mọ̀ pé omi rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. A ju ìdákọ̀ró, kò mú ilẹ̀. Ó kàn ń wọ́ tẹ̀lé wa ni. Mi ò rí ibi tí a ń lọ, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ bí ìgbì ṣe ń pọ̀ sí i, mo sì mọ̀ pé ìgbì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀sà.

Mo mú rédíò. Mo fẹ́ pè wọ́n. Ariwo ni mo gbọ́. Ṣùàààà, bí ìgbà tí epo gbóná bá gba omi. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Ariwo. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sọ̀rọ̀, mo fi í sílẹ̀ kí n lè gbọ́ èsì. Ariwo náà ni.

Bọ̀dá ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọn ò wí nǹkan kan. Rédíò ti bàjẹ́."

"Rédíò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ tán? Gbé e wá."

Wọ́n gbà á, wọ́n gbá a mọ́ etí ọkọ̀, wọ́n tún gbá a. Kò yí padà. Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n padà sídìí àwọ̀n.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní òun ń bọ̀. Mo ní ibo lo ń bọ̀, orí omi ni mo wà. Ó ní òun ń bọ̀ ṣáá. Ó pa fóònù. N kò bá a wí, ẹ̀rù ló bà á. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe, a ti ń ṣe é.

Nígbà náà ni a gbọ́ fèrè ọkọ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé nítòsí Port mọ fèrè yẹn. Láti inú ilé, ohùn lásán ni. Lórí omi, inú àyà ni ó ti ń dún. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó tún dún, èkejì sì sún mọ́ wa ju ti àkọ́kọ́ lọ. A kò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Nínú kùrukùru, ohùn fèrè kì í ní ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ òsì.

Bọ̀dá ju ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n mú àjẹ̀. Ní apá kan, a ń gbọ́ bí omi ṣe ń lu òkúta, àwọn òkúta ńláńlá tí wọ́n kó sí ẹnu kànáàlì. Bọ̀dá ní tí omi bá gbé wa lu òkúta yẹn, pákó ọkọ̀ yóò fọ́, kò ní ku ẹyọ kan. Nítorí náà wọ́n ń wa ọkọ̀ kúrò níbẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mú àjẹ̀ kejì, mo ń bá wọn wà á, mo sì ń tẹ rédíò láàárín-in rẹ̀. Au secours, ẹ gbà wá o, Àlùbáríkà ni o, ẹ́ńjìnnì wa ti kú o. Ariwo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo rí. Bí mo bá ti tẹ rédíò, lámpù á ṣẹ́jú. Bí mo bá fi í sílẹ̀, lámpù á padà mọ́lẹ̀. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, n kò kà á sí. Mo tún rí i. Mo ronú pé bóyá báttìrì ló ń kú lọ. Mo ní, "Bọ̀dá, iná yìí náà fẹ́ kú o." Wọ́n ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀. Iná yẹn nìkan ló kù tí wọ́n lè fi rí wa."

Fèrè tún dún. Mo gbé àjẹ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ sáàárín àpò àlùbọ́sà.

Bọ̀dá pariwo mọ́ mi. "Rábí! Gbé àjẹ̀! Ọwọ́ méjì ni mo ní!"

Mo ní, "Ẹ fún mi láàyè díẹ̀, Bọ̀dá."

"Àdúrà wo nìyẹn? Máa wa ọkọ̀ kí o máa gbàdúrà!"

Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò lè já wọn nírọ́. Ṣùgbọ́n apá mi ti kú, mi ò ní agbára kankan tó ṣẹ́kù. Àdúrà tí mo gbà kò gùn. N kò rántí ẹsẹ Bíbélì kankan. Mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ yìí ń bọ̀. Yí i padà." Ohun tí mo bèèrè nìyẹn. Mo bèèrè pé kí Ọlọ́run yí ọkọ̀ òkun padà.

Ẹ̀yin ará, n kò ní sọ pé mo gbọ́ ohùn. Àwọn kan ti bi mí, Màmá Dẹ́bórà inú ìjọ yìí náà bi mí, mo sì sọ fún wọn pé rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí mo la ojú, lámpù yẹn ló wà níwájú mi, ọ̀rọ̀ kan sì wá sọ́kàn mi: pa á. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bá ọ̀rọ̀ náà jiyàn. Mo ní, tí mo bá pa á, wọn ò ní rí wa. Ó tún wá: pa á.

Mo na ọwọ́ sí i. Bọ̀dá rí mi.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ pa iná."

"O ti ya wèrè ni? Ọkọ̀ ń bọ̀, o fẹ́ pa iná? Má pa á o! Rábíátù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má pa á!"

Wọn kì í pe orúkọ mi tán bẹ́ẹ̀ àfi tí ọ̀rọ̀ bá ti le. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tiwọn. Mo pa á.

Ariwo rédíò náà dákẹ́, lójú kan náà. Ọkùnrin kan sì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, gaara, bí ẹni jókòó tì mí: "Alubarika, Alubarika, répondez. Alubarika, ẹ dáhùn."

Ẹ yin Olúwa!

Bọ̀dá gbé àjẹ̀ sókè, wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa tì í bọ̀. Mo tẹ rédíò. Mo ní Àlùbáríkà nìyí, ẹ́ńjìnnì wa ti kú, a kò rí nǹkan kan. Ọkùnrin náà ní, "Madame, mo ti ń gbọ́ yín láti ìṣáájú. Ẹ̀yin ni ẹ kò dá mi lóhùn. Ibo ni ẹ wà?"

Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Kí lẹ ń gbọ́?" Mo ní omi ń lu òkúta lápá òsì mi, a sì ń wa ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ kí ó má baà fọ́ wa.

Ó ní, "Non, non, non. Ẹ padà. Ẹ padà síbi òkúta, Madame! Àárín ni ọkọ̀ ńlá wà. Kò lè dúró, kò sì lè yà. Ẹ sún mọ́ òkúta bí ẹ bá ṣe lè sún mọ́ ọn tó."

Mo wo Bọ̀dá. Wọ́n gbọ́ Faransé jù mí lọ, n kò nílò láti túmọ̀. Wọ́n yí ọkọ̀ padà. Èmi náà mú àjẹ̀ mi. A wà á, a wà á. Mo rí òkúta àkọ́kọ́ nígbà tó ti sún mọ́ wa débi pé mo lè fọwọ́ kàn án, Bọ̀dá sì dìde, wọ́n fi àjẹ̀ ti ọkọ̀ wa síta, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ìgbì, wọ́n ń ti òkúta.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ńlá náà kọjá. N kò rí i tán. Mo rí ògiri dúdú kan tó ń lọ nínú kùrukùru, tí kò lópin, tí ó ń kọjá níbi tí àwa ti ń wa ọkọ̀ wa lọ tẹ́lẹ̀. Kò yí padà. Kò yà sí ibì kankan. Ìgbì rẹ̀ gbé wa sókè, ó sọ̀ wá sílẹ̀, àjẹ̀ Bọ̀dá ṣẹ́, òkúta bó ọwọ́ wọn. Omi kó àpò àlùbọ́sà méjì lọ. Ṣùgbọ́n pákó kò fọ́.

Ọkùnrin orí rédíò ní òun ti rán ọkọ̀ kékeré kan sí wa. Ó bi mí bóyá a ní iná. Mo ní a ní. Ó ní kí n tàn án kí wọ́n lè rí wa. Mo ní, "Monsieur, tí mo bá tàn án, n kò ní gbọ́ yín mọ́." Ó ní, "Kí lẹ wí?" Mo tún un sọ. Ó wá ní kí n gbé iná náà jìnnà sí rédíò. Bọ̀dá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lọ sí iwájú ọkọ̀, èmi sì gbé rédíò lọ sí ìdí ọkọ̀. Wọ́n tàn án níbẹ̀. Ariwo wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀, mo sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ kékeré náà ṣe bá wa nìyẹn, èmi níbí, Bọ̀dá lọ́hùn-ún, wọ́n gbé lámpù sókè pẹ̀lú ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn tó wá gbà wá là fi okùn fà wá wálé.

Ọkọ mi ti wà létí omi. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Mi ò mọ bó ṣe dé ibẹ̀, òun náà kò mọ̀. Bọ̀dá lọ fi omi wẹ ọwọ́ wọn, wọ́n kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n kírun níbẹ̀, lórí símẹ́ńtì. Èmi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ Port ní kí a wá sí ọ́fíìsì wọn, kí a wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan tó ń tún àwọn rédíò wọn ṣe wà níbẹ̀, ó ní kí n gbé lámpù náà wá. Ó gbé e sórí tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò tiwọn. Ó tàn án, rédíò pariwo. Ó pa á, rédíò dákẹ́. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i kí gbogbo wọn lè rí i. Ó ní nínú irú lámpù bẹ́ẹ̀, èlò kékeré kan wà tó ń tan iná tó sì ń pa á kíákíá, ojú ènìyàn kò lè rí i, àfi kí a rò pé ó kàn ń tàn ni. Èlò yẹn ń tú ìgbì jáde sínú afẹ́fẹ́, irú ìgbì tí rédíò ń gbà. Tí ẹni tó ṣe lámpù bá bo èlò náà dáadáa, kò ní sí wàhálà. Wọn kò bo tèmi. Rédíò náà sì ń da lámpù láàmú padà. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, agbára tó ń jáde lára rédíò ló ń mú kí lámpù ṣẹ́jú. Ohùn tèmi ń jáde lọ, ṣùgbọ́n tiwọn kò lè wọlé.

Ó ṣàlàyé dáadáa, mo sì gbà á gbọ́. Ó wá bi mí pé, "Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ pa á?" Bọ̀dá Bùráímọ̀ ló dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Èmi ní kó má pa á. Ó ń gbàdúrà. Ó dìde, ó sì pa á."

Àwọn kan nílé ti sọ fún mi pé kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni, torí náà kí n má wá síwájú ìjọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni lóòótọ́. Mo bèèrè pé kí ọkọ̀ yí padà, ọkọ̀ kò yí padà. Àwa ni a yí padà. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, òun náà ni mo wá sọ.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo ní mo fẹ́ rí ọkùnrin tó bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n mú mi gòkè lọ bá a. Ó ti gbé iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó jókòó, ó ń mu omi gbígbóná. Mo kí i. Ó fẹ́ dáhùn, ohùn kò jáde, ó ti há. Mo ní ṣé ara yín kò yá ni? Ó mi orí. Ó ní, ohùn rẹ̀ wúwo bí ti ẹni tí òtútù mú, "Orúkọ ọkọ̀ yín ni, Madame. Mo ti ń pè é léraléra kí ẹ tó dá mi lóhùn. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n dákẹ́, pé ẹ kò gbọ́. Mo ní màá tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ẹ̀yin ará mi, ògo ni fún Ọlọ́run. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá Bọ̀dá Bùráímọ̀ náà yọ̀, wọ́n wà níta lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn kò ní wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ló fi ọkọ̀ gbé mi wá, wọ́n sì ń gbọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Halelúyà!